Wesley: Orísun àti Ìtumọ̀ Orúkọ Ìdílé tí ó Di Orúkọ Ọmọ

1.0 Ìfáárà

Bí a bá ka àwọn iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí orúkọ ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ àgbà kan kò ní ṣàì hàn nínú wọn: ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láti orí ọ̀rọ̀ yìí ni a ti máa ń dé orí ìpinnu kan tí a kì í sábà yẹ̀ wò mọ́, èyí ni pé orúkọ Yorùbá ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó kò ní. Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣe ni láti dán ìpinnu náà wò. Orúkọ kan ṣoṣo ni a óò fi dán an wò: Wesley.

Ìdí mẹ́ta ni a fi yan orúkọ yìí. Èkíní, kì í ṣe orúkọ inú Bíbélì; nítorí náà a kò lè fi ìtumọ̀ èdè Hébérù gbà á sílẹ̀ bí a ti í ṣe fún Sámúẹ́lì tàbí Dáfídì. Èkejì, orúkọ ìdílé ni í ṣe ní ilẹ̀ tí a ti gbé e wá, kí ó tó di orúkọ tí a ń sọ ọmọ-ọwọ́. Irú orúkọ báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn Wesley sì lè là wá lójú sí àwọn yòókù. Ẹ̀kẹta, ó ti lé ní 150 ọdún tí orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn Yorùbá, nínú ìjọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìwòsàn. Ohun tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni kò yẹ ní ohun tí à ń fi ẹnu lásán dá lẹ́jọ́.

A óò kọ́kọ́ wo orísun ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni a óò wo bí orúkọ ilẹ̀ ṣe di orúkọ ìdílé, bí orúkọ ìdílé ṣe di orúkọ ọmọ, àti bí orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà náà ni a óò tó padà sí ìbéèrè ìtumọ̀.

2.0 Orísun Ọ̀rọ̀ Náà

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ ni Wesley ti wá, ìyẹn èdè tí àwọn ará England ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun wọn ní 1066. Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni west, ìwọ̀-oòrùn. Èkejì ni lēah. Àwọn onímọ̀ orúkọ ibùgbé gbà pé igbó ni lēah kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ó wá túmọ̀ sí àyè tí a ṣán láàrin igbó kí ènìyàn lè dáko tàbí kí ó tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó di pápá koríko tí ẹran ń jẹ̀. Ìyípadà yìí kò lè ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ibi tí ó jẹ́ ẹgàn lónìí, bí a bá ṣán an tí a sì sun ún, oko ni lọ́dún tí ń bọ̀. Bí ó bá sì pẹ́, ó lè di ọ̀dàn. Ilẹ̀ kan náà ni, orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ ti yàtọ̀.

Wesley, nígbà náà, ni àyè-inú-igbó tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ẹbí rẹ̀ pọ̀ nínú èdè náà. Stanley ni àyè olókùúta, Bradley ni àyè gbàgàdà, Shirley ni àyè tí ó mọ́lẹ̀, Ashley sì ni àyè tí igi kan tí wọ́n ń pè ní ash wà. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn baba wa lò tí a fi ní Ìdí-Ìrókò, Òkè-Ògùn àti Ìsàlẹ̀-Èkó: igi, odò tàbí ìhà ilẹ̀ ni a fi ń dá ibùgbé mọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti gírámà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yán a máa ṣáájú ọ̀rọ̀ tí ó ń yán. Ní Yorùbá, ẹ̀yìn ni í wà.

Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Westley kan wà ní Suffolk, Westleigh wà ní Devon, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà. Ibi gbogbo tí àyè bá wà ní ìwọ̀-oòrùn abúlé ni orúkọ náà ti lè hù. Ní ti t tí ó wà láàrin Westley, ìró náà a máa pòórá lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí ó bá bọ́ sí àárín s àti l, bí ó ti rí nínú castle. Ẹnu ni ó kọ́kọ́ gbé t jù nù, ọwọ́ tí ń kọ ìwé wá tẹ̀ lé e.

3.0 Láti Orúkọ Ilẹ̀ sí Orúkọ Ìdílé

Kí ó tó di 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará England ń jẹ́. Láàrin ìgbà náà sí nǹkan bí 1400 ni orúkọ ìdílé tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ baba fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin wọn. Orísun mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ máa ń kà fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀: orúkọ baba, iṣẹ́ ọwọ́, ìnagijẹ, àti ibi tí ènìyàn ti wá. Wesley bọ́ sí abẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí nípa orúkọ ibùgbé tí ó di orúkọ ènìyàn. Ẹni tí ó jókòó sí Westley kò nílò kí a máa pè é ní ará Westley, nítorí pé ará Westley ni gbogbo wọn níbẹ̀. Ìgbà tí ó bá kúrò nílé, tí ó lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn, ni àwọn ará ibẹ̀ yóò fi ibi tí ó ti wá dá a mọ̀. Orúkọ ẹni tí ó ti kúrò nílé ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kì í yẹ́ kí a gbọ́ Bàbá Ìjẹ̀ṣà ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn, nígbà tí ẹnì kan kò ní pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà ti yà nìyí. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìpè yìí lẹ̀ mọ́ ìdílé títí ó fi di ogún. Lọ́dọ̀ tiwa, oríkì orílẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ọmọ Ìkòyí àti ọmọ Ọlọ́fà mọ ibi tí àwọn ti ṣẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń fi Ìkòyí tàbí Ọ̀fà ṣe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Orúkọ ìdílé, ní ìlànà tí à ń tẹ̀ lé nínú ìwé lónìí, ọwọ́ ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba àwọn Òyìnbó ni ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bí a sì ti sábà ń ṣe é ni pé a mú orúkọ àbísọ baba tàbí baba-ńlá, a sọ ọ́ di ti gbogbo ọmọ. A lè sọ pé àwa ń sọ orúkọ ènìyàn di orúkọ ìdílé, nígbà tí àwọn tí ń sọ ọmọ ní Wesley ń sọ orúkọ ìdílé di orúkọ ènìyàn. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni kìíní ń lọ, ẹni kejì ń bọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró sójú kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Westley ni baba-baba John Wesley ń kọ. Samuel, baba rẹ̀, ni ó yọ t kúrò. Ìdílé mìíràn sì wà ní Ireland tí ó ń jẹ́ Wesley. Ọmọ wọn kan, Arthur Wesley, tí a bí ní 1769, ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Duke ti Wellington. Ní 1798 ni ìdílé náà yí orúkọ wọn padà sí Wellesley. Bí àwọn kan ti ń ké orúkọ kúrú ni àwọn mìíràn ń fà á gùn.

4.0 Láti Orúkọ Ìdílé sí Orúkọ Ọmọ

Àṣà fífi orúkọ ìdílé sọ ọmọ kì í ṣe ohun àná lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Guildford Dudley, ọkọ Lady Jane Grey, tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1554, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni a fi sọ ọ́. William Camden mẹ́nu kan àṣà náà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1605. Nítorí pé orúkọ baba nìkan ni ọmọ ń jogún, orúkọ ìdílé ìyá a máa rì nígbà ìgbéyàwó. Bí a bá fi í sọ ọmọ, ó yè. Kì í ṣe ohun tí ó ṣàjèjì sí wa ní ti èrò, nítorí pé ilé ìyá àti ilé baba ni ó ń fún ọmọ lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni ó yàtọ̀.

Ìdí kejì tí a fi ń ṣe é ni ọlá ẹni ńlá. Ní 1783, ọdún tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà parí, a bí ọmọ kan ní New York, a sì sọ ọ́ ní Washington nítorí ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun. Ọmọ náà ni Washington Irving tí ó di òǹkọ̀wé. Abẹ́ ìdí kejì yìí ni Wesley bọ́ sí.

Epworth, ní Lincolnshire, ni a ti bí John Wesley ní 1703. Ó kú ní 1791. Charles, àbúrò rẹ̀ (1707–1788), kọ orin ìsìn tí ó lé ní 6,000. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ṣẹ̀. Ní 1784, ní ìlú Baltimore, ìjọ náà di ìjọ tí ó dá dúró ní Amẹ́ríkà, ó sì gbilẹ̀ lọ́nà tí ó yára. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ ti ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ.

Ìpele méjì ni a lè rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ìpele kìíní, odidi orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n ń sọ ọmọ: John Wesley Powell (1834–1902), onímọ̀ ilẹ̀ tí ó la àfonífojì odò Colorado já, John Wesley Hyatt (1837–1920), ẹni tí ó ṣe sẹ́lúlọ́ìdì, àti John Wesley Hardin (1853–1895). Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni baba Powell, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì náà ni baba Hardin. Ọ̀kan di ọ̀mọ̀wé, èkejì di apànìyàn tí ìjọba ń wá kiri. Ẹni tí ó bá gbà pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ ní láti jókòó ti ọ̀rọ̀ Hardin.

Ní ìpele kejì, John bọ́ sílẹ̀, Wesley sì dá dúró. Nígbà tí ó ti dá dúró báyìí, kò pẹ́ tí ó fi jìnnà sí ìjọ tí ó gbé e dìde. Wesley Sneijder, agbábọ́ọ̀lù tí a bí ní 1984, ará Netherlands ni, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kò ti rinlẹ̀ rárá. Orúkọ náà ti di ìró tí ó dùn létí, tí òbí lè mú nítorí adùn rẹ̀ nìkan.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ti rìn jìnnà jù ú lọ. Orúkọ ìdílé ni Shirley, a sì lè fi sọ ọmọkùnrin, títí Charlotte Brontë fi sọ akọnibìnrin inú ìtàn àròsọ rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ ní 1849. Láti ìgbà náà ó di orúkọ obìnrin. Ashley náà ti jẹ́ ti ọkùnrin rí, ṣùgbọ́n ní 1991 àti 1992 òun ni wọ́n sọ jù lọ fún ọmọbìnrin ní Amẹ́ríkà. Wesley dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọkùnrin. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìrántí ọkùnrin kan pàtó tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó dì í mú.

5.0 Wesley ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Baba rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin àwọn tí ó bá níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n padà dé láti Sàró wà, tí wọ́n ti mọ ìgbàgbọ́ ṣáájú. Àwọn wọ̀nyí ti mọ bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ ìdílé Òyìnbó. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a sàmì fún ní 1825 tí ó sì gba orúkọ àlùfáà England kan, Samuel Crowther. Nígbà tí òun náà bí ọmọkùnrin kan ní 1844, ó sọ ọ́ ní Dandeson Coates, orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní London. Orúkọ ìdílé ẹlòmíràn ni Coates. Nítorí náà, àṣà tí à ń sọ yìí ti wà láàrin wa kí Wesley tó gbilẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ Wesley kò dúró lára ọmọ nìkan. Ó bọ́ sára ìjọ, ó bọ́ sára Wesley College tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905, ó sì bọ́ sára ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i bí ọ̀rọ̀ náà ti yí po. Ilẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó di ti ìdílé, ó di ti ènìyàn kan, ó di ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó sì tún padà di orúkọ ibùdó. Bí ará Ìbàdàn bá sọ pé òun ń lọ sí Wẹ́sílì, ibì kan ni ó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń lọ sí Westley ní Suffolk ní ìjọ́sí.

Ẹnu Yorùbá náà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Èdè wa kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra, nítorí náà fáwẹ̀lì i ni ó wọ àárín s àti l. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró z, nítorí náà àwọn tí ń pè é pẹ̀lú z àti àwọn tí ń pè é pẹ̀lú s ní England di ọ̀kan náà létí wa. Sílébù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ ohùn mọ́ gba ohùn òkè, èyí tí ó kẹ́yìn sì gba ohùn ìsàlẹ̀. Báyìí ni a ṣe ní Wẹ́sílì, tí ohùn rẹ̀ bá ti dọ́kítà mu.

6.0 Ìbéèrè Ìtumọ̀

A lè wá padà sí ìpinnu tí a fẹ́ dán wò. Bí ìtumọ̀ bá jẹ́ ohun tí a lè fà yọ nínú àwọn mọ́fíìmù tí a fi hun orúkọ, a ti rí i pé Wesley ní i: àyè ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n kò sí òbí kan, yálà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìbàdàn, tí ó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí àyè inú igbó. Ìtumọ̀ ìhun ti kú nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ a wá lè sọ pé orúkọ náà ti di òfìfo?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọn tiwa. Lára àwọn orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, Ìgè, Dàda, Òjó àti Àìná wà. Bí a bá fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, kò sí gbólóhùn kan tí yóò jáde nínú wọn bí ó ti í jáde nínú Babátúndé tàbí Ọláníyọnu. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọn kò ní ìtumọ̀. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni Àjàyí. Èyí tí ó mú ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Ìdí tí a fi sọ orúkọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá gba èyí fún Àjàyí, a kò lè kọ̀ ọ́ fún Wesley.

Crowther tilẹ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ẹni tí ń ta ohun èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní crowd ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé alubàtá tàbí onídùndún ni, Àyándélé tàbí Àyánwálé ni à bá máa gbọ́. Síbẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kò ta ohun èlò olókùn. Orúkọ kìíní sọ bí ó ti wọ ayé, orúkọ kejì sọ ẹni tí a fi ọmọ náà wé nígbà ìsàmì. Ìdí ni ó fún àwọn méjèèjì ní ìtumọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhun wọn kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ní ìhà kejì, orúkọ tí ìhun rẹ̀ hàn kedere lè ṣófo. Babátúndé ni a ń sọ ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú baba-ńlá rẹ̀. Bí òbí bá sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí baba-baba àti baba-ìyá ṣì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, gbólóhùn inú orúkọ náà pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó padà wá. A kò wo ilé kí a tó sọ ọ́. Òbí tí ó sọ ọmọ ní Wesley nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó sọ òun di ènìyàn ti wo ilé ju òbí Babátúndé yìí lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan takò wá pé Babátúndé, bí a tilẹ̀ ṣì í sọ, ṣì ń bá olùgbọ́ sọ̀rọ̀, nígbà tí Wesley kò sọ nǹkan kan fún Yorùbá tí ó gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Orúkọ àbísọ wa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú ode. Wesley nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ tòótọ́ tí ó wà láàrin oríṣi orúkọ méjèèjì nìyí, kì í ṣe pé ọ̀kan ní ìtumọ̀ tí èkejì kò ní. Bóyá nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ fi ń so orúkọ àbísọ mọ́ orúkọ ìsàmì. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò gbà pé kí orúkọ tí ó nílò alálàyé máa ṣíwájú: Mojọlá Àgbèbí, ẹni tí ó ti ń jẹ́ David Brown Vincent, bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀ ní 1894. Ìṣe rẹ̀ yé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ̀ ni kí àjèjì ìtàn máa ṣíwájú ìtàn tirẹ̀. Kò fi hàn pé orúkọ àjèjì kò ní ìtàn.

7.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé Wesley bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilẹ̀, pé ó di orúkọ ìdílé nípasẹ̀ àwọn tí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ náà, pé ó di orúkọ ọmọ nítorí ọlá ọkùnrin kan, àti pé ó dé ọ̀dọ̀ wa nípasẹ̀ ìjọ àti ẹ̀kọ́. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ ti ìṣáájú kú, òmíràn sì hù. Nítorí náà, a dámọ̀ràn pé kí a ya ìtumọ̀ ìhun sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ ìdí nínú iṣẹ́ wa lórí orúkọ, kí a má sì ṣe fi àìsí ti ìṣáájú ṣe ẹ̀rí àìsí ti ìkẹyìn.

Èyí ní ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Ìtumọ̀ ìhun kì í sá lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá lè tú Ọláníyọnu ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n orí ahọ́n òbí ni ìtumọ̀ ìdí ń gbé. Ìwé ìsàmì a máa kọ orúkọ ọmọ, ti òbí àti ọjọ́ sílẹ̀, kì í kọ ìdí. Bí àgbà tí ó sọ ọmọ lórúkọ bá sùn láìsọ ìdí, ohun tí yóò kù lọ́wọ́ ọmọ ni ìró. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí a wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ni pé, nígbà tí a bá gbé ìwé àti bírò lọ gba orúkọ sílẹ̀ ní ìlú, kí a má ṣe máa bèèrè pé kí ni orúkọ yìí túmọ̀ sí nìkan. Kí a máa bèèrè pẹ̀lú pé: ta ni ó sọ ọ́, kí ni ó sì rí nílé lọ́jọ́ náà?